Àlọ Nìkan Ni Mo Rà

Àárọ̀ Sátidé kan nínú oṣù kẹwàá, àwọn méjì dúró ní ibùdó bọ́ọ̀sì kan ní Rexdale, òtútù ń mú wọn. Ọ̀kan ni Adékànmí, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Kànmí, ọkùnrin tó jẹ́ pé ohun tí òun kò bá mọ̀, kò tíì ṣẹlẹ̀ láyé. Èkejì ni ìyá ìyàwó rẹ̀, Màmá Péjú, tó wá láti Àkókó bá wọn tọ́jú Ìmọ́lẹ̀, ọmọ tuntun wọn. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni Màmá fẹ́ padà sílé, Kànmí kò sì fẹ́ kó lọ. Péjú máa tó padà sẹ́nu iṣẹ́, kò sì sí ẹni tí yóò máa gbé ọmọ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò dójú kọ ìyá ìyàwó rẹ̀ kó ní, "Ẹ má lọ mọ́"? Nílé, alágbàsọ là ń rán. Ní Toronto, gbogbo alágbàsọ ló wà lẹ́nu shift. Ni Kànmí bá rò ó pé òun á kọ́kọ́ mú Màmá lọ gbafẹ́ níbi tó lẹ́wà, lórí òkè. Tí inú Màmá bá ti yọ́ tán, òun á wá fọgbọ́n wọ ọ̀rọ̀ náà. Ọgbọ́n yìí ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

MÀMÁ: Bàbá Ìmọ́lẹ̀, báàgì ta lo gbé dání yẹn?

KÀNMÍ: Tiyín ni, mà. Ẹ má fọwọ́ kàn án, èmi ni màá gbé e.

MÀMÁ: Kí ló wà nínú ẹ̀?

KÀNMÍ: Àwọn nǹkan yín díẹ̀díẹ̀ ni. Síwẹ́tà méjì, ìborùn, sálúbàtà tẹ́ ẹ fi ń rìn nínú ilé, àti gbogbo oògùn yín.

MÀMÁ: Gbogbo oògùn mi? Ṣé a ò ní padà lónìí ni?

KÀNMÍ: Mummy, nílùú yìí, èèyàn kì í mọ̀. Ó dáa kó wà lọ́wọ́ yín.

MÀMÁ: Péjú ńkọ́? Kí ló dé tí òun àti ọmọ ò bá wa lọ?

KÀNMÍ: Ó ní kí èmi nìkan mú yín lọ. Ó ní ojú ń ti òun.

MÀMÁ: Ojú ń tì í? Kí ló ṣe?

KÀNMÍ: Rárá o, mà! Mo ní ó rẹ̀ ẹ́ ni. Àti pé òun ló gbé mọ́tò.

MÀMÁ: Ó dì mọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ yìí, kò fẹ́ fi mí sílẹ̀. Omi lé ròrò sójú ẹ̀.

KÀNMÍ: Ìfẹ́ ni, mà. Ìfẹ́ ọmọ sí ìyá.

Màmá wò ó. Kànmí bojú wo ọ̀nà bí ẹni tó ń retí bọ́ọ̀sì, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rù ló ń bà á.

MÀMÁ: Ibo gan-an là ń lọ?

KÀNMÍ: Ẹn-ẹ́n! Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ bi mí. Abúlé àtijọ́ kan ni, lórí òkè, lẹ́yìn Burlington lọ́hùn-ún. Àwọn tó kọ́kọ́ ni ilẹ̀ yìí ló tẹ̀ ẹ́ dó, ó ti lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún. Nígbà yẹn, àwọn òyìnbó ṣì ń fi idà lé ara wọn kiri. Wọ́n tún àwọn ilé ẹ̀ kọ́ bó ṣe wà láyé ìgbà yẹn gẹ́lẹ́, káwọn èèyàn lè máa wá wò ó.

MÀMÁ: Lórí òkè?

KÀNMÍ: Góńgó orí òkè!

MÀMÁ: Ta ló ń lé wa?

KÀNMÍ: Kò sẹ́ni tó ń lé wa, mà.

MÀMÁ: Ìlú tiwa náà wà lórí òkè rí. Ogun ló lé wọn gùn ún. Ọjọ́ tí wọ́n gbọ́ pé ogun ti tán, bàbá bàbá mi ká ẹní ẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, kò wẹ̀yìn. Títí tó fi kú, tó bá ń jẹun níta, ẹ̀yìn ló máa ń kọ sí òkè yẹn. Ìwọ wá jí mi láàárọ̀ pé ká lọ gùn ún fún ìgbádùn.

KÀNMÍ: Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní tourism, mà.

MÀMÁ: Orúkọ ogun míì nìyẹn?

KÀNMÍ: Mummy, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹni tó bá wà nínú mọ́tò kì í rí ìlú. Bọ́ọ̀sì lèèyàn fi ń rí ìlú. Èmi mọ bọ́ọ̀sì ibí yìí bí ẹní mowó. A wọ eléyìí, a bọ́ sílẹ̀. A wọ aláwọ̀ ewé, a bọ́ sílẹ̀ ní Burlington. A wọ kékeré kan, a bọ́ sílẹ̀. A gun òkè. Ó parí!

MÀMÁ: Báwo la ṣe máa padà?

KÀNMÍ: Ti àbọ̀... (ó ń họ orí) ti àbọ̀, a ó máa wò ó bó ṣe ń lọ. Ti àlọ ni mo kà dáadáa.

Bọ́ọ̀sì dé. Màmá kúnlẹ̀ díẹ̀ kí dírẹ́bà kú iṣẹ́, ó kí i kú òtútù, ó kí i kú ewu ọ̀nà. Dírẹ́bà náà, tó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má tíì kúnlẹ̀ kí i láti ọjọ́ tó ti ń wakọ̀, gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn. Wọ́n lọ bẹ́ẹ̀, wọ́n bọ́ sílẹ̀, wọ́n wọ bọ́ọ̀sì aláwọ̀ ewé. Kànmí fi Màmá sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

MÀMÁ: Tíkẹ́ẹ̀tì mi dà?

KÀNMÍ: Òun rèé, mà. Àlọ nìkan ni mo rà fún yín.

MÀMÁ: Tìẹ ńkọ́?

KÀNMÍ: Tèmi, àtàlọ àtàbọ̀ wà nínú káàdì mi. Ojoojúmọ́ ni mo fi ń lọ ibi iṣẹ́, kì í tán.

MÀMÁ: Ìwọ ní àbọ̀. Èmi ò ní.

KÀNMÍ: Àbọ̀ tiyín kò kánjú, mà. No wahala.

Màmá ká tíkẹ́ẹ̀tì náà sínú àpò rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Kì í ṣe obìnrin aláriwo. Àna kì í pariwo mọ́ àna. Tí ọ̀rọ̀ bá ń dùn ún, ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà sọ ọ́.

MÀMÁ: Ìyá Ṣíwọlá ní ṣọ́ọ̀ṣì sọ ìtàn kan fún mi lọ́jọ́ Sunday.

KÀNMÍ (ojú rẹ̀ wà lórí fóònù, ó ń wá bọ́ọ̀sì kékeré): Ẹn-ẹ́n, mà.

MÀMÁ: Ó ní obìnrin àgbà kan wà ní Courtice. Ọkọ ọmọ ẹ̀ ní kí àwọn méjèèjì jáde lọ gbafẹ́.

KÀNMÍ: Ó dáa bẹ́ẹ̀.

MÀMÁ: Ó di síwẹ́tà fún un. Ó di oògùn fún un.

KÀNMÍ: Ọkọ ọmọ gidi nìyẹn.

MÀMÁ: Ó gbé e lọ síbì kan tó jìnnà, tí igi pọ̀ níbẹ̀, tí àwọn àgbà jókòó sí tí wọ́n ń wo fèrèsé.

KÀNMÍ: Fresh air, mà. Ó dáa fún ara wọn.

MÀMÁ: Ó ní kó dúró de òun, òun fẹ́ lọ ra omi wá.

KÀNMÍ: Ẹn-ẹ́n.

MÀMÁ: Ọdún kẹta rèé. Omi náà ò tíì dé.

KÀNMÍ: Ọ̀nà Courtice ni, mà. Ó máa ń dí gan-an.

Màmá mí kanlẹ̀. Ó yí ojú sí fèrèsé, ó rántí pé àwọn tó wà ní Courtice náà ń wo fèrèsé, ó tún yára yí ojú kúrò.

MÀMÁ: Àwọn àgbà ní, bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ ẹ̀ ní í mu.

KÀNMÍ: Kò sí òkété ní Canada, mà. Ọ̀kẹ́rẹ́ ló wà.

MÀMÁ: Ọ̀kẹ́rẹ́ náà, ṣé kì í dàgbà ni?

KÀNMÍ: Ó ń dàgbà dáadáa. Tí òtútù bá ti dé, á wọ inú ihò igi lọ, á jókòó síbẹ̀ jẹ́ẹ́. Ẹ ò ní gbúròó ẹ̀ mọ́.

MÀMÁ: Ta ló ń gbé e lọ síbẹ̀?

KÀNMÍ: Òun fúnra ẹ̀ ni, mà. Ó mọ̀ pé àsìkò òun ti tó. Ẹranko ọlọ́gbọ́n ni. Ah, Mummy! Ẹ wo ewé! Ẹ wo bó ṣe pọ́n rẹ́súrẹ́sú!

MÀMÁ: Mo rí i. Ó fẹ́ já ni.

KÀNMÍ: Ìgbà tó bá fẹ́ já gan-an ló máa ń lẹ́wà jù. Ìgbà yẹn làwọn èèyàn ibí máa ń wá wò ó kó tó lọ. Ẹ jẹ́ kí n ya yín pẹ̀lú ẹ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa, kí Péjú lè rí nǹkan fi ṣe ìrántí.

Màmá kò rẹ́rìn-ín. Fọ́tò náà ṣì wà lórí fóònù Kànmí títí di òní. Ẹni tó bá rí i á rò pé ọlọ́pàá ló yà á.

Ní Burlington, wọ́n wọ bọ́ọ̀sì kékeré. Màmá jókòó sí etí ìjókòó, ẹnu rẹ̀ ń mì.

MÀMÁ: Ilé aláwọ̀ pupa. Ilé epo. Ṣọ́ọ̀ṣì olórí ṣóńṣó. Ajá funfun.

KÀNMÍ: Kí lẹ ń kà, mà?

MÀMÁ: Ọ̀nà ni mò ń há sórí.

KÀNMÍ: Ah, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, Mummy. Ẹ ò ní nílò ẹ̀.

MÀMÁ: Ajá náà ti kúrò níbẹ̀, àbí?

KÀNMÍ: Ó ti kúrò, mà.

MÀMÁ: Olúwa, ṣàánú mi.

Bọ́ọ̀sì kékeré náà já wọn sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ òkè, ó yí padà, ó lọ. Kànmí wo fóònù rẹ̀, ó wo òkè, ó tún wo fóònù. Nínú fóònù, òkè náà tẹ́ pẹrẹsẹ.

KÀNMÍ: Ó ku díẹ̀, mà. A máa rọra gùn ún. Tó bá rẹ̀ yín, ẹ sọ o. Ọjọ́ orí yín kọ́ ni kéèyàn máa sáré.

MÀMÁ: Kí ló ṣe ọjọ́ orí mi?

KÀNMÍ: Kò ṣe nǹkan kan, mà. Mo kàn ní...

MÀMÁ: Ta ló ní mo ti darúgbó?

Màmá tú gèlè orí rẹ̀, ó so ó mọ́dìí, ó sì kọrí sókè. Kànmí, tó ti lo ọdún pípẹ́ nídìí kọ̀ǹpútà, ń tẹ̀lé e pẹ̀lú báàgì léjìká. Kò pẹ́ tí èémí rẹ̀ fi ń han bíi ti ẹni tó ń fẹ́ná.

MÀMÁ: Ṣé o rò pé orúnkún ń dùn mí?

KÀNMÍ: Rárá... mà... ẹ rọra...

MÀMÁ: Kò dùn mí rí! Mo ṣì ń gúnyán. Mo ṣì ń fọwọ́ fọ aṣọ. Eyín mi pé. Ṣé kí n lanu kó o wò ó?

KÀNMÍ: Mo... gbà yín gbọ́... mà...

MÀMÁ: Mo ń ka Bíbélì láìlo awò! Àní Númérì, ibi tí orúkọ pọ̀ sí yẹn!

KÀNMÍ: Ẹ̀yin lẹ máa... le koko jù... nínú gbogbo wọn... lókè yẹn...

Màmá dúró gbọnyin.

MÀMÁ: Gbogbo ta ni?

KÀNMÍ: Àwọn àgbà... yòókù. Bọ́ọ̀sì ńlá kan... máa ń kó wọn wá... lọ́jọ́ Sátidé. Láti ṣọ́ọ̀ṣì wọn.

MÀMÁ: Bọ́ọ̀sì yẹn, ṣé ó máa ń kó wọn padà?

Kànmí fẹ́ dáhùn, èémí kò jẹ́. Ó mi orí, ó ju ọwọ́ sókè, ó ní kí Màmá jẹ́ kí òun sinmi ná. Màmá rí i tó mi orí, ìyẹn sì tó o. Láti ibẹ̀ títí dé òkè, kò wẹ̀yìn mọ́. Ó kàn ṣíwájú, ó ń lọ fẹẹrẹ, Kànmí ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ lókèèrè, ó ń sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Ẹ ò rí i bí inú wọn ṣe ń dùn!"

Ní ẹnu ọ̀nà abúlé náà, ọmọbìnrin kan rẹ́rìn-ín sí Màmá, ó fi ọ̀já pelebe aláwọ̀ ewé kan so mọ́ ọn lọ́rùn ọwọ́.

MÀMÁ: Kí lèyí?

KÀNMÍ: Wọ́n ní àwọn àgbà kì í san nǹkan kan níbí. Ìjọba ló ń bójú tó wọn.

MÀMÁ: Tìẹ dà?

KÀNMÍ: Èmi? Mi ò tíì dàgbà tó ẹni tí wọ́n ń so ó fún, mà.

MÀMÁ: Já a fún mi.

KÀNMÍ: Kì í já. Àwọn fúnra wọn ló máa ń gé e, nígbà téèyàn bá ń lọ.

MÀMÁ: Tí wọ́n bá gbà kéèyàn lọ.

KÀNMÍ: Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ jẹ́ ká wọlé.

Ọgbà igi yí gbogbo abúlé náà ká. Igi náà ga, wọ́n gbẹ́ orí wọn ṣóńṣó. Màmá fi ọwọ́ tì í wò. Kò mì.

MÀMÁ: Bàbá Ìmọ́lẹ̀, ọgbà yìí, ṣé kí ọ̀tá má ráyè wọlé ni, àbí kí ará ilé má ráyè jáde?

KÀNMÍ (tí kò lè sọ pé òun kò mọ̀): Méjèèjì, mà.

Wọ́n wọ inú ilé gígùn kan. Ilé náà gùn bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwé. Èéfín rú níbẹ̀, ibùsùn onípákó tò lọ lọ́tùn-ún lósì, wọ́n tẹ́ awọ ẹran sórí wọn. Àwọn àgbà òyìnbó bí mélòó kan jókòó káàkiri pẹ̀lú kóòtù nípọnnípọn lọ́rùn, wọ́n ń sinmi. Ìyá arúgbó kan ti sùn lọ, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Gbogbo wọn ló so ọ̀já aláwọ̀ ewé.

MÀMÁ (ó kúnlẹ̀ kí wọn): Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọjọ́ wo ni ọkọ ọmọ tiyín gbé yín wá?

Àwọn àgbà náà rẹ́rìn-ín, wọ́n juwọ́ sí i.

MÀMÁ: Wọn ò rántí mọ́.

KÀNMÍ: Ẹ wo ibùsùn, mà. Ẹ jókòó díẹ̀. Báwo lẹ ṣe rí i?

MÀMÁ: Ó le.

KÀNMÍ: Téèyàn bá jókòó pẹ́ lórí ẹ̀, ó máa ń rọ̀.

Kànmí rí i pé àkókò ti tó. Ó fẹ́ kó jẹ́ pé ẹ̀yìnkùlé ni òun á gbà wọ inú ọ̀rọ̀ náà.

KÀNMÍ: Mummy, nínú ilé báyìí láyé àtijọ́, ìyá àgbà ni olórí. Tí ọkùnrin bá gbéyàwó, ilé ìyá ìyàwó ló máa wá gbé. Ohun tí ìyá ìyàwó bá sọ labẹ gé.

MÀMÁ: Àṣà tó dáa.

KÀNMÍ: Àwọn ìyá àgbà yẹn ló máa ń wà pẹ̀lú àwọn ọmọ kéékèèké tí ìyá wọn bá ti lọ sóko.

MÀMÁ: Ibo làwọn ọmọ kéékèèké wà? Àgbà nìkan ni mò ń rí.

KÀNMÍ: Ìyẹn láyé ìgbà yẹn ni, mà. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé... èmi àti Péjú ti jọ jókòó sọ ọ́. A ti rò ó títí. A ò fẹ́ kẹ́ ẹ padà sí Àkókó mọ́.

MÀMÁ: Péjú. Péjú ọmọ mi náà sọ bẹ́ẹ̀.

KÀNMÍ: Òun gan-an ló kọ́kọ́ sọ ọ́! Mummy, mo mọ̀ pé kò rọrùn. Ẹ má bínú sí wa. Ẹ bá wa gbà á.

Kí Màmá tó yanu, Kànmí ti na gbalaja sórí ilẹ̀ eléérú, ó dọ̀bálẹ̀. Àwọn àgbà òyìnbó rò pé ara ohun tí wọ́n wá wò ni. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyá tó ń sùn jí, òun náà pàtẹ́wọ́. Bàbá kan yọ fóònù, ó ń ya fídíò.

MÀMÁ: Adékànmí!

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Ìmọ́lẹ̀, Màmá kò pe orúkọ yẹn rí.

MÀMÁ: Adékànmí, èèyàn kì í fi iná sórí òrùlé sùn, màá sọ ọ́. Kí ni mo fi ṣe yín? Ṣé iyọ̀ mi ló pọ̀ jù nínú ọbẹ̀ ni? Ta ló ń wẹ̀ fún ọmọ yẹn? Ta ló ń nà án lápá, tó ń nà án lẹ́sẹ̀? Orí ẹ̀ ńkọ́? Ṣé o ti gbàgbé bí orí yẹn ṣe rí lọ́jọ́ tẹ́ ẹ gbé e dé láti hospital? Orí bàbá ẹ̀ ni! Èmi ni mo ń fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ lálẹ́ títí tó fi di orí èèyàn!

KÀNMÍ (láti ilẹ̀): Mummy, ẹ jọ̀ọ́...

MÀMÁ: Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ wá gbé àgbà kúrò lọ́jà, ẹ gbé e gun òkè! Ẹ fẹ́ fi mí sílẹ̀ láàárín àwọn tí mi ò gbọ́ èdè wọn, nínú ilé eléèéfín, kí n máa wo fèrèsé bíi ti obìnrin Courtice. Fèrèsé ọ̀hún gan-an ò tiẹ̀ sí níbí!

KÀNMÍ (ó gbé orí sókè, eérú wà nímú rẹ̀): Ta ló fẹ́ fi yín sílẹ̀?

MÀMÁ: Ìwọ! O di oògùn mi. O ra àlọ láìsí àbọ̀. O ní kí n má mọ ọ̀nà. Wọ́n ti so mí lọ́wọ́. Ilé tí wọ́n ń kó àgbà sí nìyí!

KÀNMÍ: Ah! Mummy! Ah! Ẹ gbà mí o! Ibi ìgbafẹ́ ni! Ẹnikẹ́ni kì í sùn níbí! Wọ́n máa ń ti ibí tí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú!

MÀMÁ: Ìyá yẹn ń sùn nísinsìnyí!

KÀNMÍ: Ó rẹ̀ wọ́n ni, mà! Gbogbo abúlé ni wọ́n rìn ká! Bọ́ọ̀sì wọn wà níta, ó ń dúró dè wọ́n!

Màmá lọ bojú wòta láti ẹnu ọ̀nà ọgbà. Bọ́ọ̀sì ńlá kan wà níbẹ̀ lóòótọ́, dírẹ́bà rẹ̀ ń jẹ búrẹ́dì. Ó padà wá, ó wo Kànmí nílẹ̀.

MÀMÁ: Ibo wá lẹ fẹ́ kí n wà?

KÀNMÍ: Rexdale! Nínú yàrá yín! Lọ́dọ̀ Ìmọ́lẹ̀, títí tó fi máa rìn! Péjú ń padà síbi iṣẹ́, a ò sì ní ẹnì kankan. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bẹ̀ yín fún nìyẹn láti ọjọ́ yìí, ojú ló ń tì mí.

Màmá jókòó sórí awọ ẹran. Ó kọ́kọ́ sunkún díẹ̀, nítorí ẹ̀rù bà á lóòótọ́, ẹ̀rù náà kò kéré. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì mú àwọn àgbà òyìnbó gbogbo. Wọn kò mọ ohun tí wọ́n ń rín, wọ́n sáà ń rín in.

MÀMÁ: Bàbá Ìmọ́lẹ̀, dìde. Nu imú rẹ. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó o sọ nínú kíṣìnnì, nígbà tí mò ń po ògì lọ́wọ́, lo wọ bọ́ọ̀sì mẹ́ta tìtorí ẹ̀?

KÀNMÍ: Mo ní kí inú yín kọ́kọ́ dùn ná, mà.

MÀMÁ: Lílọ ọ̀hún gan-an, kò wù mí. Alaalẹ́ ni mo máa ń gbé ọmọ yẹn mọ́ra, tí mo máa ń rò ó pé ta ni màá gbé báyìí tí mo bá délé. Mo ń retí kẹ́ ẹ sọ ọ́, ẹ ò sọ nǹkan kan. Mo ní bóyá mo ti sú yín. Ṣé èmi ni kí n wá máa bẹ ọkọ ọmọ mi pé kó jẹ́ kí n máa gbélé ẹ̀?

KÀNMÍ (ó fò sókè): Ẹ gbà nìyẹn! Mummy, ẹ gbà! Ẹ jẹ́ kí n pe Péjú!

MÀMÁ: Dúró ná.

Ojú Màmá ti yí padà. Ó gbé ọwọ́ lérí.

MÀMÁ: Yéè. Mo ti dáràn.

KÀNMÍ: Kí ló dé, mà?

MÀMÁ: Nígbà tá à ń gun òkè lẹ́ẹ̀kan, tí mo ṣíwájú rẹ, o rò pé mo kàn ń rìn ni? Àdúrà ni mò ń gbà. Mo jẹ́ ẹ̀jẹ́.

KÀNMÍ: Ẹ̀jẹ́ wo?

MÀMÁ: Mo ní, "Olúwa, bí O bá lè mú mi sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè yìí, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni màá wọ ọkọ̀ òfúrufú padà sílé, ilẹ̀ Canada kò ní rí ẹsẹ̀ mi mọ́."

KÀNMÍ: Mummy! Kí ló dé tẹ́ ẹ ò ṣe sọ fún Ọlọ́run pé kó dín in kù díẹ̀?

MÀMÁ: Ṣé ẹni tí ẹkùn ń lé máa ń dúná dúrà?

KÀNMÍ: Ẹ jẹ́ ká pe Pásítọ̀. Pásítọ̀ lè bá wa fagi lé e.

MÀMÁ: Ta ni Pásítọ̀ nínú ọ̀rọ̀ èmi àti Ọlọ́run? Ẹ̀jẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré, Bàbá Ìmọ́lẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ ẹ ló ń san án. Ó dùn mí o, ó dùn mí gan-an, ṣùgbọ́n mi ò lè bá Ọlọ́run purọ́ nítorí ọmọ ọmọ mi.

Kànmí jókòó tì í. Ó gbé àgbọ̀n lé ọwọ́. Lẹ́yìn náà ló gbé orí sókè díẹ̀díẹ̀.

KÀNMÍ: Mummy, ẹ tún un sọ fún mi, bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ẹ ní kí Ọlọ́run kọ́kọ́ ṣe kí ni?

MÀMÁ: Mo ní bí O bá mú mi sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè yìí.

KÀNMÍ: Ṣé ẹ ti wá sọ̀ kalẹ̀ báyìí?

MÀMÁ: Rárá. Ìwọ náà ò rí i pé ibí ni mo ṣì jókòó sí?

Kànmí dìde. Ó ṣí báàgì, ó yọ síwẹ́tà méjèèjì, ó fi bo Màmá léjìká, ó to oògùn rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

KÀNMÍ: Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má sọ̀ kalẹ̀ o. Ẹ jókòó síbẹ̀ yẹn jẹ́ẹ́, mò ń lọ gbé ọmọ wá bá yín.